Yíyan Gíà Tí Ó Yẹ Ọkọ̀ Tí Ń Wọ́ Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ń péjọ ní ilé ìkàwé abúlé

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọkọ̀ tí ń gbé èrò, kì í sì í ṣe èyí tí ń kó kòkó, bí kò ṣe ọkọ̀ tí a máa ń ránṣẹ́ pè nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá kú sójú ọ̀nà, tàbí tí ó bá ṣubú sí kòtò, tàbí tí ó bá dábùú títì tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Ọkọ̀ tówìn ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀wò ni bí ẹni tí ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ ṣe lè yan gíà tí yóò lè ṣe iṣẹ́ náà, kí ó má ba à fi owó ńlá ra òfò.

Ó ṣeé ṣe kí àgbẹ̀ kan béèrè pé, “Kí ni ó kàn mí nínú gíà ọkọ̀ tówìn?” Ó kàn án gidigidi. Bí ọkọ̀ agbégẹdú bá kú lójú ọ̀nà Òǹdó ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó wà nínú ọkọ̀ tí ó tẹ̀ lé e kò ní tètè dé Ilé-Ifẹ̀, aláìsàn tí a ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn yóò sì dúró sínú oòrùn. Bí ọkọ̀ tí a ránṣẹ́ pè láti wá wọ́ ọ kúrò bá wá jẹ́ èyí tí gíà rẹ̀ kò lágbára, ewu kan ti di méjì: ọkọ̀ méjì ni yóò máa yí padà sẹ́yìn lórí òkè, tí kò sí ẹni tí yóò lè dá wọn dúró. Lẹ́yìn èyí, owó àjùmọ̀ní ni a sábà máa ń fi ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: owó ẹbí, owó àjọ, tàbí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí gíà bá fọ́ kí ọdún tó yí po, gbèsè ni yóò kù fún àwọn tí kò tilẹ̀ di ọwọ́ ọkọ̀ mú rí.

ILÉ-IFẸ̀ ÀTI Ọ̀NÀ RẸ̀

Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe ìlú ojú irin. Ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Ó sì gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Òkè Ọya. Kò ya Ilé-Ifẹ̀. Nítorí náà, láti ìgbà tí mọ́tò ti dé ilẹ̀ wa, orí ọ̀nà ilẹ̀ ni kòkó, obì àti gẹdú Ifẹ̀ ti ń rìn. Ọ̀nà kan gba Gbọ̀ngán àti Ìkirè lọ sí Ìbàdàn. Òmíràn lọ sí Iléṣà. Òmíràn sì gba inú igbó lọ sí Òǹdó. Àwọn ọkọ̀ bíi Bedford àti Austin, tí a fi pákó kan bọ́dì wọn, tí àwọn ènìyàn sọ ní bọ̀lẹ̀kájà, ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí, gíà kì í wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Awakọ̀ níláti tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì kí eyín gíà tó lè gba ara wọn, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n ṣe yóò máa gbọ́ igbe irin lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń mọ ògbólógbòó awakọ̀ láti òkèèrè, nípa ìró gíà rẹ̀ nìkan.

Lẹ́yìn wọn ni Mercedes 911 gbòde. Ẹni tí ó bá mọ ìtumọ̀ nọ́ńbà yẹn ti mọ ohun púpọ̀. 9 tí ó ṣáájú dúró fún ìwọ̀n ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 9. 11 tí ó tẹ̀ lé e sì dúró fún agbára ẹ́ńjìnnì, nǹkan bíi agbára ẹṣin 110. Láti ara orúkọ ọkọ̀ ni àwọn tí ó ṣe é ti sọ fún olówó rẹ̀ irú ẹrù tí àwọn ṣe é fún. Bí a bá wá kan kírénì mọ́ ẹ̀yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí a so ọkọ̀ mìíràn tí ó wọn tọ́ọ̀nù 8 mọ́ ọn, tí a sì ní kí ó máa gun òkè, a ti rán an ní iṣẹ́ tí a kò dá a fún. Gíà ni yóò kọ́kọ́ kígbe.

Ọ̀nà pàápàá kò tẹ́jú. Ẹni tí ó bá ti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà mọ̀ pé ọ̀nà náà ń gòkè, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá tún kọjá Iléṣà lọ sí ìhà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè yóò bá òkè tí ó ju ti Ifẹ̀ lọ. Ní ojú ọ̀nà oko, níbi tí kò sí ọ̀dà, ẹrẹ̀ ìgbà òjò máa ń di táyà mú, ó sì máa ń mú kí ẹrù kékeré wúwo bí ẹrù ńlá.

IṢẸ́ TÍ GÍÀ Ń ṢE

Ẹ́ńjìnnì ní agbára, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kì í jáde dáadáa àfi bí ó bá ń yí kánkán. Táyà ní tirẹ̀ níláti máa yí díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wúwo. Gíà ni alárinà láàárín àwọn méjèèjì. Bí gíà kékeré tí ó ní eyín 20 bá ń yí gíà ńlá tí ó ní eyín 60, kékeré yóò yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ńlá tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìyára ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n agbára ìyípo ti di ìlọ́po mẹ́ta, bí a bá yọ ìwọ̀nba tí fífi irin ha irin ń jẹ dànù. Kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀: ohun tí a gbà ní agbára, a ti san án ní ìyára. Ẹni tí ó ru ẹrù ńlá gun òkè kì í fẹsẹ̀ gbọọrọ. Ìṣísẹ̀ kúkúrú kúkúrú ni ó ń gbé. Gíà kìíní ni ìṣísẹ̀ kúkúrú ti ọkọ̀.

Ibi méjì ni ìyípadà yìí ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀. Èkíní ni àpótí gíà, tí ọwọ́ awakọ̀ ń darí. Èkejì ni difarẹ́ńṣà, àpótí eyín tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, tí awakọ̀ kì í fọwọ́ kàn nígbà tí ó bá ń lọ. Iṣẹ́ ọ̀kan máa ń sọ ti èkejì di ìlọ́po. Bí gíà kìíní bá jẹ́ 6 sí 1, tí difarẹ́ńṣà sì jẹ́ 5 sí 1, ẹ́ńjìnnì yóò yí nígbà 30 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí difarẹ́ńṣà bá jẹ́ 6 sí 1, ìgbà 36 ni yóò yí.

Ẹ wá wo òkè. Bí ọkọ̀ tówìn bá wọn tọ́ọ̀nù 8, tí ọkọ̀ tí ó ń wọ́ náà sì wọn tọ́ọ̀nù 8, tọ́ọ̀nù 16 ni ó wà lọ́rùn ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Lórí òkè tí ń ga ní mítà kan nínú mítà mẹ́wàá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo yẹn ni yóò máa fa ọkọ̀ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì níláti borí èyí kí wọ́n tó lè ṣípò padà. Nígbà tí wọ́n bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, agbára kan náà ni yóò máa tì wọ́n síwájú, tí bíréèkì níláti dì mú. Ẹni tí ó bá ń ronú gíà gígun òkè nìkan, tí kò ronú ti sísọ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó gbọ́.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí ìsọ̀ mẹkáníìkì láti ra gíà, ìbéèrè mẹ́ta wà tí ó yẹ kí ó dáhùn, kí ó sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.

Ìkíní: Kí ni ìwọ̀n ohun tí ọkọ̀ yóò máa wọ́? Kò yẹ kí a fi ẹrù tí ó wúwo jù lọ tí a rí lẹ́ẹ̀kan rí láyé ṣe òṣùwọ̀n, bí kò ṣe èyí tí ó wúwo jù lọ nínú àwọn tí ń wá léraléra. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti bọ́ọ̀sì kékeré tí ó bá kú láàárín Lágerè, Sábó àti Mọdákẹ́kẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ìdí fún un láti ra gíà tírélà. Kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn tí ó ní ọkọ̀ ńlá lọ wọ́ tírélà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. A máa ń rí ìwọ̀n ọkọ̀ lára àwo irin kékeré tí ilé iṣẹ́ kàn mọ́ ọn, tàbí nínú ìwé rẹ̀.

Ìkejì: Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ yóò máa tọ̀? Ọkọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lójú títì ńlá sí Ìbàdàn kò fẹ́ irú gíà kan náà pẹ̀lú èyí tí ń wọ inú igbó lọ yọ ọkọ̀ agbégẹdú nínú ẹrẹ̀.

Ìkẹta: Báwo ni iṣẹ́ náà ti ń pẹ́ tó? Ọkọ̀ tí ń wọ́ ẹrù fún ogún ìṣẹ́jú, tí ó sì ń sinmi, yàtọ̀ sí èyí tí ń wọ́ ẹrù láti Ilé-Ifẹ̀ dé Èkó. Ìgbóná ni ọ̀tá gíà, ìgbóná sì fẹ́ràn iṣẹ́ tí kò ní ìsinmi.

Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÍ Ó ṢÍ SÍLẸ̀

Ọ̀nà kìíní ni kí a tún èyí tí ó wà nílẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀sùn tí a fi kan gíà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ohun mìíràn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíkankíkan tí ọkọ̀ kò sì rìn tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì ni ó ti jẹ tán. Bí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ bá ti rẹ̀, gíà tuntun kò ní sọ ọ́ di ọ̀dọ́. Kí a yẹ gbogbo èyí wò kí a tó náwó.

Ọ̀nà kejì ni kí a pààrọ̀ eyín difarẹ́ńṣà. Bí a bá yí i láti 4 sí 1 lọ sí 5 sí 1, agbára fífà ọkọ̀ yóò fi ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ sí i nínú gbogbo gíà. Owó rẹ̀ a sì máa kéré sí ti àpótí gíà. Ṣùgbọ́n ìyára yóò fi ìdá kan nínú márùn-ún dín kù: ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan yóò máa sáré 64 bí ẹ́ńjìnnì kò bá yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí awakọ̀ bá fẹ́ kí ó sáré bí ti àtẹ̀yìnwá lójú títì Ìbàdàn, ẹ́ńjìnnì yóò máa pariwo, yóò sì máa mu dísẹ́ẹ̀lì. Ọ̀nà yìí dára fún ọkọ̀ tí kì í jìnnà sílé, tí òkè àti ẹrẹ̀ jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni kí a ra àpótí gíà tí ó ní ìpele púpọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àpótí kan bá ní gíà mẹ́rin, tí wọ́n jẹ́ 6, 3, 1.7 àti 1, nígbà tí awakọ̀ bá kúrò ní gíà kìíní lọ sí ìkejì, ìyípo ẹ́ńjìnnì yóò já wálẹ̀ láti 2,400 sí 1,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Lórí òkè, ọkọ̀ tún máa ń fà sẹ́yìn kí gíà tó wọlé, nítorí náà ẹ́ńjìnnì lè kú sí i lọ́wọ́. Bí àpótí mìíràn bá ní gíà márùn-ún, tí wọ́n jẹ́ 6, 3.6, 2.3, 1.5 àti 1, sí 1,440 ni ìyípo náà yóò já. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ńlá, láàárín ìyípo 1,200 sí 1,600 ni agbára fífà ti ń dára jù lọ. Àǹfààní gíà púpọ̀ nìyí: àlàfo ìṣísẹ̀ kan sí èkejì kò jìnnà jù.

Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí èyí. Gíà kìíní àpótí méjèèjì tí a dárúkọ jẹ́ 6. Nítorí náà, èyí tí ó ní gíà márùn-ún kò ní agbára ju èkejì lọ láti ṣí ẹrù nípò. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò lè ṣí lórí òkè kò níí rí ìwòsàn nínú kíka iye gíà, ohun tí ó yẹ kí ó béèrè ni pé, “Kí ni ìwọ̀n gíà kìíní?” Ìbéèrè kejì ni pé, “Agbára ìyípo mélòó ni àpótí yìí lè gbà?” Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òǹkà yìí fún àpótí tí ó ṣe. Bí agbára ẹ́ńjìnnì bá ju òǹkà náà lọ, eyín yóò já bó pẹ́ bó yá.

Ọ̀nà kẹrin ni gíà tí ń yí ara rẹ̀, tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀ awakọ̀. Kì í ṣe ohun tuntun. Ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà ti ń fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940. Ọ́ìlì ni ó dúró láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, òun ni ó sì ń gbé agbára kọjá. Ọkọ̀ a máa ṣí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kì í fò, kì í sì í jó kílọ́ọ̀ṣì. Fún iṣẹ́ wíwọ́ ọkọ̀, èyí dára púpọ̀, nítorí pé okùn àti ìkọ́ kì í já lójijì. Àléébù rẹ̀ ni ìgbóná. Nígbà tí ẹrù bá wúwo tí ọkọ̀ sì ń lọ díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì náà ń yọ̀ lórí ara rẹ̀, ó sì ń gbóná. Àwọn onímọ̀ sábà máa ń sọ pé bí ìgbóná ọ́ìlì bá ti kọjá ìwọ̀n, ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó ń sọnù nígbàkígbà tí ó bá tún fi nǹkan bíi dígírì 10 gbóná sí i. Ẹni tí yóò bá lo irú gíà yìí láti wọ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi rédíétọ̀ ọ́ìlì kún un níwájú ọkọ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò tún un ṣe, nítorí pé àwọn ti òde òní ń fẹ́ kọ̀ǹpútà kí a tó lè mọ àìsàn wọn.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ni ó yẹ? Fún olówó ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ wà láàárín Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà àti Òǹdó, tí ó sì ń wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù, àpótí gíà ọlọ́wọ́ tí ó nípọn, tí ó ní ìpele márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí gíà kìíní rẹ̀ lágbára, tí ó sì jẹ́ ti ìdílé kan náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, ni ó sábà máa ń bọ́ sí i. Mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n kò wọ́n, ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣeé rí rà, ó sì ń ran bíréèkì lọ́wọ́ nígbà sísọ̀.

ÀWỌN TÍ Ń BÁ GÍÀ RÌN

Gíà kì í dá iṣẹ́ ṣe. Bí a bá fi gíà alágbára sínú ọkọ̀, tí kílọ́ọ̀ṣì sì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni yóò jó. Bí a bá fi kílọ́ọ̀ṣì ńlá sí i, ọ̀pá gígùn tí ń yí lábẹ́ ọkọ̀ ni yóò lọ́. Nítorí náà kí a ka gbogbo wọn mọ́ owó gíà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tówìn, ẹ̀gbẹ́ àpótí gíà ni a ti ń gba agbára tí ń yí kírénì àti ẹ̀rọ tí ń ká wáyà. Ojú kan wà níbẹ̀ tí a ń ṣí láti so ó mọ́ ọn. Bí àpótí tuntun kò bá ní ojú yẹn, tàbí tí ojú náà kò bá bá ti kírénì mu, ọkọ̀ yóò rìn, ṣùgbọ́n kò ní lè gbé ohunkóhun sókè. Kí a wò ó kí a tó sanwó.

Ọ́ìlì náà ní tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ́ìlì gíà ni ó bá gbogbo gíà mu. Òmíràn wà tí ó dára fún difarẹ́ńṣà, tí ó sì lè máa jẹ irin pupa bí idẹ tí ó wà nínú àpótí gíà. Ohun tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni kí a rà. Bí ọ́ìlì bá sì ń jò, kí a má ṣe dúró di ọ̀la. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Bíréèkì ni àgbà gbogbo wọn. Kò sí gíà tí ó sọ bíréèkì ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 9 di ti tọ́ọ̀nù 16. Bí gíà tuntun bá jẹ́ kí ọkọ̀ lè fa ẹrù gun òkè tí kò lè gùn tẹ́lẹ̀, ó ti gbé e dé orí òkè tí yóò níláti sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò bá ní owó bíréèkì, kò tíì ní owó gíà.

ỌJÀ TÒKUNBỌ̀

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ àpótí gíà tí ó wà lọ́jà. Kò burú, bí a bá la ojú wa. Kí a ní kí wọ́n tú ìdí ọ́ìlì rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Bí ẹ̀ka irin tí ń dán bá wà nínú rẹ̀, eyín tàbí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ti ń jẹ. Bí ó bá jẹ́ gíà tí ń yí ara rẹ̀, tí ọ́ìlì rẹ̀ dúdú tí ó sì ń rùn bí ohun tí ó jóná, kí a kí ọlọ́jà pé ó dàbọ̀. Kí a fi ọwọ́ mú ọ̀pá tí ó yọ síwájú, kí a mì ín. Bí ó bá ń fì sọ́tùn-ún sósì jù, ó ti gbó.

Kí a béèrè ìlú tí ó ti wá pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà títí di òní, nítorí náà apá ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí. Nàìjíríà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí a yí sí apá ọ̀tún. Àwọn irin tí ń so ọwọ́ gíà mọ́ àpótí lára ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè wà ní ìhà tí kò bá ọkọ̀ tiwa mu, owó tí a ó fi tún wọn tò sì lè jẹ èrè tí a rò pé a jẹ.

Nípa iye owó, ìṣirò kan rọrùn. Kí a fi iye ìgbà tí a ó ṣiṣẹ́ wọn gíà dípò náírà. Bí a bá níláti wọ́ ọkọ̀ nígbà 30 kí a tó rí owó gíà kan, tí ó sì pẹ́ ọdún kan, iṣẹ́ 30 ni ó ń jẹ lọ́dún. Bí òmíràn bá gba iṣẹ́ 60, ṣùgbọ́n tí ó pẹ́ ọdún mẹ́rin, iṣẹ́ 15 péré ni ó ń jẹ lọ́dún. Èyí tí ó dà bí ọ̀wọ́n ni ó pọ̀. A kò sì tíì ka ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró sí ìsọ̀.

ỌWỌ́ AWAKỌ̀

Gíà tí ó dára jù lọ kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ tí kò ní sùúrù. Òfin àtijọ́ kan wà tí kò tíì gbó: gíà tí a fi gun òkè ni kí a fi sọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá yọ gíà sí fíríì lórí ìsọ̀kalẹ̀ nítorí àti dá dísẹ́ẹ̀lì sí ti gba ìjánu lẹ́nu ẹṣin. Gbogbo ẹrù náà yóò bọ́ sórí bíréèkì nìkan, bíréèkì yóò gbóná, yóò sì kọ̀.

Òmíràn ni ti ọkọ̀ tí a ń wọ́. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti kú, ohun tí ń pín ọ́ìlì nínú àpótí gíà rẹ̀ ti dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ bá sì ń yí nílẹ̀, wọn yóò máa yí inú àpótí náà ní gbígbẹ. Nítorí náà, kí a tó wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí a tú ọ̀pá gígùn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí kí a gbé táyà tí ń yí i kúrò nílẹ̀. Ọkọ̀ tí a wọ́ láìṣe bẹ́ẹ̀ lè dé ìsọ̀ pẹ̀lú àìsàn méjì, ìjà yóò sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín olówó ọkọ̀ àti ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́.

Ní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí lè yẹ ìwé àti iná ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣọ́ tí yóò wọ abẹ́ gbogbo ọkọ̀ lọ ka eyín gíà. Olówó ọkọ̀, mẹkáníìkì àti awakọ̀ ni iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ kan tàbí ẹbí kan bá ń gbèrò láti ra ọkọ̀ tówìn, tàbí láti pààrọ̀ gíà èyí tí wọ́n ní, kí wọ́n jókòó ti ìbéèrè mẹ́ta yẹn: ìwọ̀n ẹrù, irú ọ̀nà, àti bí iṣẹ́ ti ń pẹ́ tó. Kí wọ́n kọ wọ́n sínú ìwé, kí wọ́n mú ìwé náà lọ fún mẹkáníìkì tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, kí wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.